Bí Mo Ṣe Gbé Ọ̀rọ̀ Èèpo Ẹ̀gẹ́ Dé Jámánì

Ẹ̀yin ará Ayébọ̀dé, láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò sí ibi tí mo yà sí tí wọn kò ti bi mí pé, "Bùnmi, báwo ni òkè-òkun ṣe rí?" Wọ́n bi mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bi mí nídìí ẹ̀rọ ìlọta, àlùfáà gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ bi mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí láti gba ìdàpọ̀ mímọ́. Ẹ̀rín ni mo fi ń dá gbogbo yín lóhùn. Ẹ má bínú. Bí ojú tó ń wò mí bá ti ju méjì lọ, ọ̀rọ̀ a máa sá padà sí mi lọ́fun. Ṣùgbọ́n bíírò kò ní ojú, ni mo bá jókòó kọ ọ́. Ìwé mi kò pọ̀, kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdírì ni mo dé. Ẹni tó bá rí àṣìṣe, kó bò mí láṣìírí.

Ìdí tí wọ́n fi mú mi

Ẹ mọ ilé gaàrí wa tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìkọ̀lé. Àwa obìnrin mọ́kànlá là ń bẹ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, àṣà ibẹ̀ kò sì ṣòro: ẹni tó bá bẹ ẹ̀gẹ́ ló ni èèpo. Olóko ló ni ẹ̀gẹ́, ẹlẹ́rọ ló ni ẹ̀rọ, èèpo tó bá já bọ́ síwájú rẹ, ìwọ lo ni ín. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí, nítorí kò sí ẹni tó jiyàn rẹ̀ rí. A ó sá èèpo sórí àpáta, ewúrẹ́ ó jẹ ẹ́, ewúrẹ́ ó sì rán ọmọ lọ sílé ìwé. Ọdún tí àrùn pa ewúrẹ́ ìyá mi ni ìwé tèmi parí. Nísinsìnyí, àbúrò mi Ṣadé ti wọ kíláàsì karùn-ún, orí ewúrẹ́ mẹ́fà ló sì jókòó lé.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn ọ̀mọ̀wé dé. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni Ìsopọ̀ Agbègbè fún Ìmọ̀ Ọ̀tun lórí Ọrọ̀-Ajé Alálòtúnlò Tí Kì Í Fi Ohun Ọ̀gbìn Ṣòfò. Ẹni tó bá ń kà á lójú pátákó gbọ́dọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Dáre, tó jẹ́ olórí àwa tí à ń bẹ ẹ̀gẹ́, gbọ́ orúkọ náà títí dé òpin, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ Má-fi-ṣòfò nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, Má-fi-ṣòfò ló ń jẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ṣáájú wọn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí a ṣì ń pàdé ní ọjà Ìkọ̀lé. Ènìyàn rere ni. Àìsàn kan ṣoṣo tó ní ni pé kò lè rí nǹkan méjì kó má fa ọfà láàárín wọn. Ó ya àwa náà sórí bébà: ọfà láti oko wá sí ilé gaàrí, ọfà láti ilé gaàrí bọ́ sórí òkìtì èèpo, ọfà ńlá kan láti orí òkìtì èèpo lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Ọ̀yẹ́, níbi tí èèpo yóò ti di gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀.

Ìyá Dáre wo bébà náà lọ, ó wò ó bọ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ewúrẹ́ dà?"

"Màmá, ewúrẹ́ kò sí nínú àwòrán yìí."

"Ó wà nínú ulé mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì ká bébà wọn.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé ìpàdé ńlá yóò wà ní Jámánì, níbi tí àwọn tó fẹ́ ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yóò ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí obìnrin kan wá láti ilé gaàrí, kí ojú wọn lè rí ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ìyá Dáre ló tọ́ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ẹnu Ìyá Dáre, ó wo tèmi, ó ní ọ̀dọ́ ni wọ́n ń wá. Ìyá Dáre lọ́mọ tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, òun náà ń bẹ ẹ̀gẹ́. Wọn kò mú un. Ẹnu rẹ̀ jọ ti ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo máa lọ, Ìyá Dáre fà mí sẹ́yìn ẹ̀rọ. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, torí pé o máa ń dákẹ́ ni wọ́n ṣe mú ọ. Kò burú. Dákẹ́ lọ, dákẹ́ bọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá dé orí ọ̀rọ̀ èèpo, má jẹ̀ẹ́ kí ewúrẹ́ wa kú sí ọ lẹ́nu."

Láti Ìkọ̀lé dé Ùsì, láì fi nǹkan ṣòfò

Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwa tí à ń lọ sí ìpàdé lẹ́kọ̀ọ́ nílé kí a má bàa lọ dójú tì wọ́n. Ní Ìkọ̀lé, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báàgì. Mo ṣí báàgì, mo bá báàgì mìíràn nínú rẹ̀. Mo ṣí ìyẹn náà, mo bá ìwé kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé, ìwé tó ń sọ pé ọ̀rá ń ba ilẹ̀ jẹ́.

Ní Ọ̀yẹ́, gbọ̀ngàn tutù bí odò, ìrẹsì sì pọ̀ ju ènìyàn lọ. Nígbà tí a jẹun tán, mo fẹ́ kó èyí tó ṣẹ́kù sínú ike fún adìyẹ ìyá mi. Obìnrin kan tó so káàdì mọ́ ọrùn dá mi dúró. "Sister, ẹ fi sílẹ̀ ná. A ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ àjẹkù. Ọ̀la ni." Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ àjẹkù, àjẹkù ti àná ti wà lórí ààtàn.

Ìdó ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sá èèpo hàn wá. Ó dára, ó ń dán. Mo rántí àpáta wa tí Ọlọ́run ti tẹ́ kalẹ̀. Ní Ùsì, wọ́n ní kí àwọn obìnrin ilé gaàrí ibẹ̀ gbé èèpo dání kí wọ́n rẹ́rìn-ín fún fọ́tò. Màmá kan bi ayàfọ́tò pé, "Ṣé èèpo ni kí n rẹ́rìn-ín sí ni, àbí ìwọ?" Ó ní òun ni. Màmá ní, "Ó dáa, ṣe nǹkan tó pa mí lẹ́rìn-ín." Bí wọ́n ti ya fọ́tò náà tán, ẹ̀rín tó wà lójú wọn kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ.

Ilẹ̀ tí wọn kì í kí ènìyàn

N kò ní sọ̀rọ̀ bàlúù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí Ọlọ́run gbé e wọ̀ ọ́.

Nígbà tí a dé, Tóyìn ló wá pàdé wa. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni, ó ń kàwé ní ìlú náà, wọ́n sì gbà á pé kó máa mú mi káàkiri. Bí ó ti gbọ́ ibi tí mo ti wá, ó pariwo: "Ayébọ̀dé! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń yan gaàrí títí á fi di òkúta!"

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iṣu kékeré sísàlẹ̀, tí ẹ ń fi ńlá bo ojú rẹ̀."

Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún díẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bú òun lọ́nà tó tọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í kí ara wọn. Mo ń kí wọn lójú pópó, bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ọkùnrin kan dúró, ó bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí mo ń kí. Tóyìn ní, "Fi ìkíni yẹn pamọ́. Bí o bá kí wọn jù, wọ́n á rò pé o fẹ́ tọrọ nǹkan." Nínú ọkọ̀ ojú irin, ènìyàn kún fọ́fọ́, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ojú ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Mo wò wọ́n títí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo dé ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ti ń tijú bíi tèmi. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀.

Ilé Màmá Hẹ́ga

Ilé opó kan ni wọ́n fi mí wọ̀ sí, Màmá Hẹ́ga. Ó dàgbà, ó ga, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn lọ sí ọjà. Ilé rẹ̀ mọ́ débi pé ojú ń tì mí láti mí sínú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo dé, ó gbé búrẹ́dì dúdú kan kalẹ̀ tó le bíi pákó, pẹ̀lú wàràkàṣì àti ẹran tútù tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó bi mí ní nǹkan. Tóyìn ní, "Ó ní ṣé wàá jẹun?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ wo ni yóò gba oúnjẹ nílé onílé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Mo ní, "Rárá mà, mo ti yó." Mo ń dúró kó fi lọ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì kí n mirí, kó fi lọ̀ mí lẹ́ẹ̀kẹta kí n bọwọ́ sí i.

"Náìn?" ni Màmá Hẹ́ga wí.

Mo gbọ́ pé "rárá" ni ìyẹn. Èmi náà ní, "Náìn."

Ó gbé búrẹ́dì, ó gbé wàràkàṣì, ó gbé ẹran, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fíríìjì, ó sì fi ìfẹ́ rẹ́rìn-ín sí mi. Ikùn mi kígbe, òun nìkan ni kò gbọ́.

Tóyìn ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní, "O ò sọ fún mi!"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún èmi náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ nígbà tí mo dé. Níbí, bí o bá ní rárá, rárá náà ni. Wọn kì í yẹ abẹ́ ọ̀rọ̀ wò."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Hẹ́ga kò tíì bi mí tán tí mo fi ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó bó ànàmọ́ fún oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ kan, mo sì fẹ́ bá a da èèpo rẹ̀ nù. Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́ jí. Ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi adìyẹ mẹ́rin hàn mí, ó ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wí ló yé mi. Ìyá Dáre funfun nìyí.

Ike ìdalẹ̀nù márùn-ún

Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lójú ọ̀nà, mo wá ibi tí n ó ju èèpo rẹ̀ sí. Ike márùn-ún ló wà níbẹ̀, àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra. Mo na ọwọ́ sí ọ̀kan, obìnrin kan tó ń kọjá wúkọ́. Mo na ọwọ́ sí èkejì, ọkọ rẹ̀ wúkọ́. Ni tọkọtaya náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn láàárín ara wọn. Ọkùnrin mìíràn sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó dá sí i. Àwọn tí kò kí mi láti àárọ̀ wá dúró yí mi ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí òjò, gbogbo wọn ń tọ́ka sí èèpo ọwọ́ mi. Mo rọra yọ kúrò láàárín wọn, mo sì gbé èèpo mi lọ fún adìyẹ Màmá Hẹ́ga. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, wọ́n ṣì ń jà.

Ohun tí wọ́n kọ sára àwòrán

Ọjọ́ ìpàdé pé. Oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì gbé ọfà tiwọn wá. Ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ pípẹ́ lórí bí ayé ṣe ń fi oúnjẹ ṣòfò. A pàtẹ́wọ́ fún un, a lọ jẹun, a padà. Odidi ẹja ni mo rí tí wọ́n ń kó dànù, nítorí òfin gbọ̀ngàn náà kò gbà kí oúnjẹ jáde níbẹ̀.

Wọ́n gbé àwòrán ọfà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yà sára ògiri, ó tóbi bí ilé. Mo rí Ìkọ̀lé, mo rí Ọ̀yẹ́, mo rí Ìdó, mo rí Ayébọ̀dé wa tó kéré bí ẹyin iná orí. Òkìtì èèpo wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo bi Tóyìn léèrè ohun tí wọ́n kọ.

Ó kà á, ó wò mí. "Wọ́n ní ohun tí kò lẹ́ni tó ni ín."

Wọ́n ti sọ èèpo wa di ọmọ òrukàn. Tóyìn ka ìyókù sí mi létí: gbogbo èèpo tó bá ti ilé gaàrí agbègbè wa jáde, ilé iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ ni yóò máa kó o fún ọdún mẹ́wàá. N kò sọ pé gáàsì kò dára. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kì í jẹ gáàsì, ọdún méjì péré ló sì kù kí Ṣadé parí.

Alága ìpàdé, ọkùnrin gíga kan tó fẹ́ràn kí nǹkan lọ bó ṣe yẹ, pè mí síwájú. Ó bi mí bóyá àwa obìnrin ilé gaàrí fara mọ́ ọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó sì fi kún un pé, "Bùnmi, ṣáà mi orí. Wọ́n ń ya fọ́tò."

Ojú tó wà níbẹ̀ ju igba lọ. Mo rí Ṣadé lójú inú mi tó bọ́ aṣọ ilé ìwé rẹ̀, tó ká a, tó sì fi sí abẹ́ àpótí, bí mo ṣe ká tèmi. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi kéré gan-an.

"Náìn."

Alága tẹ́tí. Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó gba gbohùngbohùn. Tóyìn ń sọ ohun tó ń wí fún mi láti ẹ̀yìn: "Ó ní ìtìjú lásán ni. Ó ní nílẹ̀ wa, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fi lọ̀ ọ́, ẹ̀kẹta ni ìdáhùn gidi."

Inú gbogbo gbọ̀ngàn dùn sí àṣà yìí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé wọn. Alága tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

"Náìn."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé àṣà náà ń lọ dáadáa. Alága na ìka mẹ́ta sókè kí gbogbo ayé rí i, ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta. Mo kúnlẹ̀, nítorí a kì í dúró ṣánṣán kọ ọ̀rọ̀ sí àgbà lójú.

Mo ní, "Náìn, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé gbohùngbohùn kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta rẹ̀ ti pé, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Alága ní kí n sọ ìdí rẹ̀. Tóyìn kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè é. Ó bọ́ síwájú, ó ní òun yóò túmọ̀. Ilẹ̀ ni mo dojú kọ tí mo fi sọ ọ́: "Èèpo yìí ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó bẹ ẹ̀gẹ́ ló ni èèpo. Àwa mọ́kànlá ni. Ewúrẹ́ wa ló ń jẹ ẹ́."

"Ó ní ẹni tó ni ín?" Ojú alága le, ó yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó yọ bíírò, ó bi mí lórúkọ wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ lórí Ìyá Dáre, mo ka gbogbo wọn títí dórí ìyá mi, ó sì ń kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kọ orúkọ ìjòyè. Ó ní nílẹ̀ tàwọn, a kì í mú ohun onínǹkan láì fọwọ́ sí ìwé. Ìwé mọ́kànlá ni wọn yóò tẹ̀. Títí wọn yóò fi rí ọwọ́ mọ́kànlá náà, kí gbogbo ọfà dúró.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Èmi náà kò bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn kò sì ṣòro fún mi.

Ilé gaàrí

Ní oṣù kejì tí a délé ni wọ́n wá, Ọ̀jọ̀gbọ́n àti alága pẹ̀lú Tóyìn tó gba ìsinmi láti wá túmọ̀. Wọ́n kó ìwé mọ́kànlá sínú fáìlì. Ìyá Dáre gba àlejò, ó bu omi fún wọn, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán.

Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ má mú èèpo? Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má mú un. Ẹni tó bẹ ẹ̀gẹ́ ló ni èèpo. Ẹ̀gẹ́ rèé, ó pọ̀. Àpótí rèé. Ọ̀bẹ rèé."

Tóyìn túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé tí yóò fi dáhùn, ṣùgbọ́n alága ti bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ti jókòó sórí àpótí, eékún rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Kí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ ṣe? Òun náà jókòó.

Wọ́n bẹ ẹ̀gẹ́ títí oòrùn fi yí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń gé e nípọn, ó ń gé ẹ̀gẹ́ mọ́ èèpo. Ìyá Dáre mú ọ̀kan nínú èèpo rẹ̀, ó gbé e sókè kí gbogbo wa rí funfun tó wà lára rẹ̀.

"Ẹ rọra o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ń fi nǹkan ṣòfò."

Gbogbo ilé gaàrí dàrú fún ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n dìde, èèpo àwọn méjèèjì kò kún abọ́ kan, kò sì sẹ́ni tó tíì fọwọ́ sí ìwé inú fáìlì. A bá wọn gbé e sẹ́yìn jíìpù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a kí wọn kú uṣẹ́, a sì ní kí wọ́n tètè dé lọ́la.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò wá lọ́jọ́ kejì. Alága wá, ó mú ọ̀bẹ tirẹ̀ dání láti Ìkọ̀lé. Ìyá Dáre wo bí ó ṣe di ọ̀bẹ náà mú, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Ó ní, "Bùnmi, sún fún un. Èyí lè kọ́ uṣẹ́."